Ẹ Ò Mọ Àwọn Gíríìkì Náà: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Leo Frobenius

Ọ̀gbẹ́ni Frobenius,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ̀yin ará Jámánì tó rin Áfíríkà kiri tí ẹ ń kọ ìwé nípa rẹ̀, mo mọ̀ pé láti 1938 ni ẹ ti lọ, kò sì sí ilé ìfìwéránṣẹ́ tó lè gbé èyí dé ọ̀dọ̀ yín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ nípa Ilé-Ifẹ̀ kò bá yín kú. Kò sí oṣù tí n kì í rí ẹni tó tún gbé e jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì: pé àwọn Gíríìkì ló rọ àwọn orí idẹ Ifẹ̀, pé Ifẹ̀ ni Átílántíìsì tó rì sómi. Ọmọ Yorùbá mìíràn á tiẹ̀ máa fi yangàn. Ó rò pé oyè ni ẹ fi wá wa jẹ. Ìyẹn ló jẹ́ kí n gbé bírò.

Ìparí ọdún 1910 ni ẹ dé Ifẹ̀. Ẹ dé igbó Olókun, ẹ rí orí idẹ kan tó dé adé, ẹ sì fẹ́ fi pọ́n-ùn mẹ́fà àti ìgò ọtí wisikí kan gbé e lọ. Aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló gbà á padà lọ́wọ́ yín. N kò fi ìyẹn bá yín jà lónìí, ẹjọ́ ọ̀tọ̀ ni. Ohun tí ẹ kọ lẹ́yìn náà ni mo ń bá bọ̀. Ẹ ní ojú orí náà jọ ti Gíríìsì àtijọ́. Ẹ ní Olókun wa, Poseidon tí àwọn Gíríìkì ń bọ ni. Ẹ kọ ọ́ pé ó ba yín nínú jẹ́ pé ìran tó ti rẹ̀yìn, tí làákàyè wọn ò gbé pẹ́ẹ́lí, ni irú ẹwà bẹ́ẹ̀ bọ́ sí lọ́wọ́. Nígbà tó fi máa di oṣù kìíní 1911, ìwé ìròyìn New York Times ti gbé e jáde ní Amẹ́ríkà pé ará Jámánì kan ti rí Átílántíìsì ní Áfíríkà.

Ní ti Ifẹ̀, ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ti dá yín lóhùn. Lọ́dún tí ẹ kú gan-an, àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, nítòsí ààfin Ọọ̀ni, hú orí idẹ tó lé ní mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà. Láti ìgbà náà, àwọn tó mọ iṣẹ́ ti wádìí rẹ̀ síwá sẹ́yìn, n kò ní tún un rò fún yín. Apá kejì ọ̀rọ̀ náà ló ń jẹ mí lára: àwọn Gíríìkì tí ẹ fi wé wa, ẹ ò mọ̀ wọ́n.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi Átílántíìsì bẹ̀rẹ̀, torí ẹnu yín ni mo ti gbọ́ ọ. Plato, amòye Gíríìkì kan, ló kọ ìtàn náà, nínú ìwé méjì, Timaeus àti Critias, ní nǹkan bí ọdún 360 kí wọ́n tó bí Jésù. (Gbogbo ọdún àwọn Gíríìkì àtijọ́ tí mo bá dárúkọ láti ibí lọ, ṣáájú ìbí Jésù ni.) Nínú ìtàn yẹn, ta ni ará Átílántíìsì? Ọ̀tá Gíríìkì ni! Wọ́n ti ẹ̀yìn Òpó Heracles wá, níbi tí à ń pè ní Gibraltar lónìí, wọ́n fẹ́ sọ gbogbo ayé etí òkun ibẹ̀ di ẹrú. Áténì ló dá wọn dúró. Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀ mì, tí omi sì gbé erékùṣù wọn mì láàárín ọ̀sán kan òru kan. Tó bá wá jẹ́ pé Ifẹ̀ ni Átílántíìsì bí ẹ ti wí, a jẹ́ pé àwa la bá Gíríìkì jagun. Báwo ni wọ́n ṣe wá tún jókòó bá wa rọ orí?

Ó tún ku ibìkan nínú ìwé náà tí ẹ fò. Plato ní Solon, ẹni tó ṣe òfin fún Áténì, lọ sí Sais ní ilẹ̀ Íjíbítì, ó ń ro ìtàn àtijọ́ ilé rẹ̀ fún àwọn àlùfáà ibẹ̀ bí ẹni tó mọ nǹkan. Àgbàlagbà kan nínú wọn wá dá a lẹ́nu kọ́ pé ọmọdé ni gbogbo ẹ̀yin Gíríìkì títí ayé, pé kò sí àgbà kan láàárín yín. Plato, ọmọ Áténì pọ́ńbélé, ló fi ọ̀rọ̀ yìí sẹ́nu àlùfáà ilẹ̀ Áfíríkà. Kò tijú. Ó mọ̀ pé ìlú òun kéré lójọ́ orí.

Herodotus tó jẹ́ òpìtàn wọn náà kò tijú. Ó ní àwọn ará Fòníṣíà, níbi tí à ń pè ní Lẹ́bánónì lónìí, ló kó lẹ́tà wá fún àwọn Gíríìkì, pé láti Bábílónì ni wọ́n ti rí òpó tí wọ́n fi ń wo wákàtí nínú oòrùn, pé láti Íjíbítì ni orúkọ àwọn òrìṣà wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tán ti wá. Èyí tó kẹ́yìn yẹn, ó ṣàṣejù níbẹ̀, torí Zeus kì í ṣe orúkọ Íjíbítì rárá. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọkàn ẹni náà. Bí ohun dáadáa kan bá wà nílé rẹ̀, ohun tó kọ́kọ́ ń bi ara rẹ̀ ni pé ọwọ́ ta ni a ti kọ́ ọ. Ẹ̀yin dé Ifẹ̀, ẹ rí ohun dáadáa, ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tí wọ́n jí i lọ́wọ́ rẹ̀.

Ti lẹ́tà yẹn, òótọ́ ló sọ. Álífà, màlúù ni lédè àwọn ará Fòníṣíà. Bétà, ilé ni. Ní èdè Gíríìkì, àwọn orúkọ náà kò túmọ̀ sí nǹkan kan, bí ìgbà tí èèyàn ra aṣọ tí orúkọ ẹlòmíràn ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ohun tó jẹ́ tiwọn ni pé wọ́n mú àwọn lẹ́tà tí kò wúlò fún ẹnu wọn, wọ́n sọ wọ́n di fáwẹ̀lì. Àwọn ará Fòníṣíà kì í kọ fáwẹ̀lì.

Ohun tó kàn yìí, ẹ ò lè mọ̀ ọ́n, torí ẹ ti lọ kí wọ́n tó rí i kà. Mi ò dá yín lẹ́bi rẹ̀. Láti 1900 ni wọ́n ti ń hú wàláà amọ̀ ní Knossos, ní erékùṣù Kírétè, wọ́n sì tún hú òmíràn ní Pylos lórí ilẹ̀ Gíríìsì. Wọ́n ti lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ọdún dáadáa. Ìwé wà lára wọn, ẹnikẹ́ni ò lè kà á. Arthur Evans tó hú ti Knossos ní kò lè jẹ́ èdè Gíríìkì. Ní 1952, Michael Ventris, ayàwòrán ilé ni, kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì kankan, kà á. Èdè Gíríìkì ni.

Kí ló wà níbẹ̀? Kò sí orin, kò sí ìtàn akọni. Àgùntàn mélòó, òróró mélòó, obìnrin mélòó ló ń ran òwú fún ààfin, kẹ̀kẹ́ ogun wo ló ti kán. Àwọn akọ̀wé ààfin ló kọ ọ́ sára amọ̀ tútù, wọn ò sì ní in lọ́kàn láti sun ún, torí tó bá di ọdún tó ń bọ̀ wọ́n á tún kọ òmíràn. Iná tó jó ààfin ló sun wàláà náà gan bí ìkòkò. Òun ló fi dé ọ̀dọ̀ wa.

Lẹ́yìn iná wọ̀nyẹn, tó ṣẹlẹ̀ ní nǹkan bí 1200, àwọn Gíríìkì gbàgbé ìwé kíkọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà, Ọ̀gbẹ́ni. Àwọn Gíríìkì yín, wọ́n mọ̀ ọ́n kọ, ààfin wọn wó, ó sì gbé wọn ní nǹkan bí irinwó ọdún kí wọ́n tó tún mọ ìwé kọ. Odi Mycenae àti ti Tiryns, ìlú ààfin wọn àtijọ́ méjì, ṣì dúró ní gbogbo àkókò náà, òkúta tó jẹ́ pé ogún ọkùnrin ò ní gbé ọ̀kan nílẹ̀. Àwọn ọmọ tó ń da ewúrẹ́ kọjá lábẹ́ odi yìí gbójú sókè wò ó, wọ́n ní kì í ṣe èèyàn ló kọ́ ọ. Wọ́n ní àwọn Cyclopes ni, àwọn òmìrán olójú kan. Baba ńlá tiwọn gan-an ló kọ́ ọ.

Ká ní ẹ dé Mycenae ní ọdún 900, kí ẹ rí abúlé àti ewúrẹ́ àti odi yẹn, mo fẹ́ mọ ohun tí ẹ ò bá kọ sínú ìwé yín. Mo rò pé mo mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí ìwé padà dé, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ kọ pa mí lẹ́rìn-ín, ó sì dùn mọ́ mi. Ìkòkò ọtí kan wà tí wọ́n hú ní Áténì ní 1871, nǹkan bí 740 ni wọ́n ti ṣe é. Ẹnìkan fi nǹkan ṣóńṣó ha ọ̀rọ̀ sí èjìká rẹ̀ pé ẹnikẹ́ni nínú àwọn oníjó tó bá jó ijó tó fúyẹ́ jù lọ... Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú, ṣùgbọ́n ó hàn pé ẹni tó bá jó o ló máa ni ìkòkò. Akọ̀wé ààfin Pylos ìbá ti ka àgùntàn. Àwọn tí kò ní ààfin mọ́ kọ ti ijó.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí ère, torí òun ló gbé yín dé ọ̀dọ̀ wa. Ère ọkùnrin tí àwọn Gíríìkì kọ́kọ́ fi òkúta gbẹ́, tó tóbi tó èèyàn, ẹsẹ̀ òsì ló fi síwájú, ó na apá méjèèjì sí ìhà, ó di ìkúùkù. Ẹni tó bá ti rí ère Íjíbítì rí máa mọ ibi tí wọ́n ti wò ó. Àwọn jagunjagun Gíríìkì wà níbẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ogun, ọ̀dọ̀ ọba Íjíbítì ni wọ́n ti ń gbowó. Ní nǹkan bí 593, díẹ̀ nínú wọn dé Abu Simbel, wọ́n sì ha orúkọ wọn sí ẹsẹ̀ ère Ramesses Kejì, bí ọmọ iléèwé ṣe ń ha orúkọ sí tábìlì. Ó ṣì wà níbẹ̀ títí dòní.

Wọ́n kọ́ iṣẹ́ náà, wọ́n sì kọjá ibi tí wọ́n ti kọ́ ọ. N kò ní gba ìyẹn lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó bá dúró níwájú ère idẹ tí à ń pè ní Awakẹ̀kẹ́ Délfì, tí wọ́n hú ní 1896, tó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tí iṣan hàn lórí wọn bó tilẹ̀ jẹ́ pé aṣọ àti kẹ̀kẹ́ ló yẹ kó bò wọ́n, ó mọ̀ pé àgbà oníṣẹ́ ló ṣe é. Idẹ ni ara rẹ̀, bàbà ni ètè rẹ̀, bàbà pẹlẹbẹ tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ ni ìpéǹpéjú rẹ̀. Nínú ọkùnrin idẹ méjì tí ẹnìkan tó ń wẹ̀ lábẹ́ omi rí ní Riace, ní ìsàlẹ̀ Ítálì, ní 1972, ọ̀kan ní eyín fàdákà. Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Wọ́n á fi amọ̀ mọ inú, wọ́n á fi ìda lẹ̀ ẹ́ lára, wọ́n á tún fi amọ̀ bo ìda, wọ́n á fi iná sí i, ìda á yọ́ jáde, idẹ gbígbóná á wọlé rọ́pò rẹ̀. Alágbẹ̀dẹ idẹ ní Ifẹ̀ ò ní béèrè ìtumọ̀ èyí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin náà mọ ọ̀nà ìda yìí, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín. Kò sí ìran tó ni ìda, kò sì sí ìran tó ni iná.

Irú ère idẹ bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní Gíríìsì bí èèrà nígbà kan. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló kù, torí àwọn tó dé lẹ́yìn yọ́ wọn fi ṣe owó, fi ṣe ohun èlò. Èyí tó pọ̀ jù nínú èyí tí ẹ mọ̀, àwòṣe ni, àwọn ará Róòmù ló fi òkúta mábù ṣe é. Johann Winckelmann, ọmọ ilẹ̀ yín, tí ìwé rẹ̀ ti 1764 kọ́ gbogbo Yúróòpù bí wọ́n ṣe ń wo ère Gíríìkì, kò fi ẹsẹ̀ tẹ Gíríìsì rí títí tí wọ́n fi pa á ní Trieste. Róòmù ló jókòó sí. Ó wo àwòṣe funfun, ó ní funfun yẹn gan-an ni ẹwà. Àwọn Gíríìkì sì rèé, ọ̀dà ni wọ́n ń kùn ère wọn: pupa, búlúù, yẹ́lò, irun dúdú, ètè pupa. Bí ẹ bá gbé ọ̀kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tọwọ́ akùnlé jáde síwájú Winckelmann, ó lè ní kí wọ́n gbé e lọ sí ọjà. Gíríìsì tí ẹ dì sínú àpótí yín wá sí Ifẹ̀, Jámánì ni wọ́n ti ṣe é.

Bí ẹ bá sì ń wá ìlú tí àwọn Gíríìkì tẹ̀ dó ní Áfíríkà, ó wà, ẹ kàn kọjá rẹ̀ ni. Kírénè ni, ní ilẹ̀ Líbíyà òní. Gbogbo ẹni tó ti lọ sí ilé ìjọsìn ọjọ́ ìsinmi rí ní ilẹ̀ wa mọ orúkọ náà, nítorí Símónì tó bá Jésù ru àgbélébùú. Erékùṣù Thera ni àwọn tó tẹ̀ ẹ́ dó ti wá, ní nǹkan bí 631. Herodotus ní òjò ò rọ̀ ní Thera fún ọdún méje, wọ́n bá ṣẹ́ kèké láàárín tẹ̀gbọ́n-tàbúrò pé ẹni tí ó bá mú kó máa lọ. Nígbà tí ojú pọ́n àwọn yẹn lọ́hùn-ún, wọ́n tukọ̀ padà wálé. Àwọn ará ilé sọ nǹkan lù wọ́n ní èbúté, wọ́n ní kí wọ́n yí ọkọ̀ padà. Èyí ò jọ ìran àwọn ọlọ́lá tó ń fún ayé ní ọ̀làjú. Ó jọ ohun tí ebi ń ṣe.

Ibi tí wọ́n bá sì dé, ẹnikẹ́ni tó bá gbẹ́lẹ̀ níbẹ̀ máa mọ̀. Ní Kírénè, tẹ́ńpìlì Apollo wà, ilé ìwòran wà, òkúta tí wọ́n kọ Gíríìkì sí kún ilẹ̀. Ní Ai-Khanoum, Afganísítánì lọ́hùn-ún, wọ́n bá ilé ìwòran, ilé eré ìdárayá, àti òkúta tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ọgbọ́n Délfì sí. Àpáàdì ìṣà òróró àti ti ọtí wọn ń tẹ̀lé wọn bí òjìji. Ní Ifẹ̀, àpáàdì tiwa ni wọ́n bá, tí wọ́n tò ní ìnàró sínú ilẹ̀ àgbàlá kó lè le bí sìmẹ́ńtì.

Ní ti àpáàdì, ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀. Àwọn ará Áténì, tí wọ́n ní kí ará ìlú máa fúnra wọn dìbò, àpáàdì ni wọ́n fi ń lé ẹni tí apá wọn ò bá fẹ́ ká mọ́ kúrò nílùú fún ọdún mẹ́wàá. Oníkálukú á ha orúkọ ẹni náà sí i, iye rẹ̀ gbọ́dọ̀ pé 6,000. Themistocles tó gba Gíríìsì sílẹ̀ nínú ogun ojú omi Salamis ní 480, wọ́n lé òun náà. Wọ́n wá hú nǹkan bí 190 àpáàdì nínú kànga kan lẹ́bàá Akirópólísì, orúkọ rẹ̀ ló wà lára gbogbo wọn, ọwọ́ ìkọ̀wé èèyàn mẹ́rìnlá péré ló sì kọ ọ́. Ẹnìkan ti ń kọ ìbò sílẹ̀ fún ará ìlú kí ilẹ̀ tó mọ́. Èmi ọmọ Nàìjíríà rẹ́rìn-ín títí. Àwọn obìnrin wọn ò sì ní àpáàdì kankan láti jù, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ẹrú tó ń wa fàdákà ní Laurion, fàdákà tí wọ́n fi kan ọkọ̀ ogun Salamis gan-an.

Ó ku Poseidon tí ẹ ní Olókun ni. Ẹ ṣí Odyssey, ewì ìtàn Gíríìkì tí wọ́n ní Homer ló kọ, ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Gbogbo òrìṣà ń ṣèpàdé, Poseidon nìkan ni kò sí níbẹ̀. Níbo ló lọ? Ó wà lọ́dọ̀ àwọn ará Etiópíà, ní ìkangun ayé, wọ́n pa akọ màlúù àti àgbò fún un, ó jókòó ti oúnjẹ. Gẹ́gẹ́ bí àwọn Gíríìkì fúnra wọn ti wí, bí Poseidon bá dé ilẹ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú, àlejò ni, ẹran la sì fi ṣe é lálejò.

Ẹ̀yin tí ẹ wá àmì Gíríìkì káàkiri Ifẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo ló wà lọ́dọ̀ wa ní tòótọ́, àmì ohùn tí a fi ń kọ Yorùbá ni. Ó wà lórí gbogbo ìlà lẹ́tà yìí. Èdè Gíríìkì àtijọ́ ń lo ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀, ó jọ tiwa ju bí ó ṣe jọ ti Jámánì lọ. Nígbà tí àwọn àjèjì tó ń kọ́ ọ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀, wọ́n ní Aristophanes ará Bisántíọ̀mù, olórí ilé ìkàwé Alẹkisáńdríà ní nǹkan bí 200, ló fi àmì sórí ọ̀rọ̀ kí ẹnu wọn má baà máa ṣì í pè. Èyí tó gun òkè, wọ́n pè é ní èyí tó mú. Èyí tó wálẹ̀, wọ́n pè é ní èyí tó wúwo. Nígbà tí àwọn Àjàyí Crowther ń wá bí wọ́n ṣe máa kọ Yorùbá sílẹ̀, àmì yẹn ló wà nílẹ̀. Èdè Gíríìkì òní ti sọ ohùn náà nù, ìjọba wọn sì kó ọ̀pọ̀ àwọn àmì náà dànù ní 1982. Àwa ṣì ń lò ó fún iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ dá a gan-an.

Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ rán yín níṣẹ́ kan. Ní 408, wọ́n ń ṣe eré Orestes ti Euripides ní Áténì. Ara Orestes tó ń ya wèrè ti balẹ̀ díẹ̀, ó ní lẹ́yìn ìgbì, òun tún rí òkun tó dákẹ́ rọ́rọ́. Galḗn' ni ọ̀rọ̀ tó yẹ kí òṣèré náà, Hegelochus, sọ. Ó jẹ́ kí ohùn ẹ̀ já wálẹ̀ níbi tó yẹ kó gbé e sókè, ó di galên. Ohun tí gbogbo ìlú gbọ́ ni pé lẹ́yìn ìgbì, òun tún rí ẹranko kékeré kan báyìí tó máa ń pa eku. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, Aristophanes apanilẹ́rìn-ín, èyí ọ̀tọ̀ sí ti ilé ìkàwé, ṣì ń fi ṣẹ̀fẹ̀ lórí ìtàgé.

Nígbà tí mo wà níléèwé, a ṣe eré kan nípa ìlú tí ọ̀dá dá. Ọ̀rọ̀ kan péré ni wọ́n fún ẹlẹgbẹ́ mi kan, pé kó sáré wọlé, kó kígbe pé "Òjò ń bọ̀!" Ẹ̀rù bà á. Ó sáré wọlé, ó ní "Ojo ń bọ̀!" Ẹ̀yìn rẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹni tó ń ṣe Kábíyèsí yọ, pẹ̀lú adé àti ìrùkẹ̀rẹ̀. Eré parí síbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Títí di òní, orúkọ tí à ń pè é nìyẹn.

Bí ẹ bá rí Hegelochus lọ́hùn-ún, ẹ bá mi kí i dáadáa. Ẹ sọ fún un pé àwọn kan wà ní Ifẹ̀ àti agbègbè rẹ̀ tó mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí lọ́jọ́ náà.

Èmi ni tiyín,
Ọmọ Yorùbá kan tó ń ka ìtàn